Ògiri Tí Mo Pè Ní Gbígbẹ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ púlọ́ńbà tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba irinṣẹ́. Ẹ wọlé, ẹ wá ibì kan fìdí lé. Mo ní ìtàn kan fún yín, kì í ṣe èyí tí ẹ ó gbọ́ tí ẹ ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tó àkókò kó jáde. Dókítà ti yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún àkọ́bí mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti lò tán. Ó rò pé n kò gbọ́. Ohun tí mo gbé pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá, n kò lè gbé e wọlẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti rìn jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Àbúrò mi, ìwọ tí o jókòó ti fèrèsé yẹn, mo bẹ̀ ọ́, má dìde títí n ó fi parí. Bí mo bá parí tán, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi mí ṣe.

Elétí-Omi ni gbogbo ayé ń pè mí, ẹ sì mọ bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí sí ilé kan, n kì í kọ́kọ́ ṣí àpótí irinṣẹ́. N ó ní kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí wọ́n pa rédíò, kí àwọn ọmọdé lọ ṣeré níta. N ó wá fi ìdí ọ̀pá igi kan lé ògiri, n ó fi orí rẹ̀ sí etí, n ó sì dákẹ́. Omi tó bá wà nípò rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Èyí tó bá ń jò a máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin tó ń rojọ́ ọkọ rẹ̀ fún aládùúgbò, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò ní gbóhùn sókè, kò sì ní dákẹ́. Àwọn èèyàn ní ẹ̀bùn ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa, ìyá mi ló kọ́ mi. Ní abúlé tí a ti dàgbà, odò kan ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé wa, bó bá sì di ìgbà òjò, kí a tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ìyá mi á fà mí létí díẹ̀, á ní kí n dúró, kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní odò tó ń pariwo kò jìn, èyí tó dákẹ́ ló ń gbé èèyàn lọ. Etí tí ìyá mi fún mi yẹn ni mo fi jẹun láyé. Òun náà ni mo fi pa á. Ẹ má wo ara yín lójú, ara mi kò gbóná, mo mọ ohun tí mo sọ.

Àbúrò mi yìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi rán an níléèwé. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè yìn mí, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà ni. Nígbà tó ríṣẹ́ gidi, ó kọ́ ilé alájà kan, ó sì ní èmi ni n ó fa omi sínú rẹ̀. Mo fà á bí ẹni tó ń fa tara rẹ̀. Páìpù bálùwẹ̀ òkè, inú ògiri ni mo gbé e gbà sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn yàrá kan nísàlẹ̀, yàrá yẹn ló sì fi ìyá wa sí kó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ wá kí i. Mo wọ aṣọ tuntun. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí mi, ó béèrè pé ta ni bàbá yìí. Àbúrò mi gbé abọ́ ife dání, kò tilẹ̀ yíjú, ó ní, "Àwọn ni púlọ́ńbà wa." Ó sì kọjá lọ. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bóyá ó fẹ́ fi kún un pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí, tí ẹlòmíràn sì pè é. Orí ibùsùn yìí ni mo ti wá ń rò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó gún mi bí ẹ̀gún, n kò sì yọ ọ́, mo kàn ń fọwọ́ ra á, ó ń kẹ̀ lábẹ́ awọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ògiri tèmi fi lanu.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, mo máa ń yí gbogbo ilé ẹbí ká. N ó fọ táǹkì, n ó pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ tó bá ti ń kán tó, tó, tó, n ó fa irun àti ọṣẹ dídì jáde lọ́nà ọ̀fun bálùwẹ̀, n ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì lálẹ́, ká wò ó láàárọ̀ bóyá ó ti fà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni, ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ kò wó kò mọ̀ pé wọ́n gba òun là. Nítorí pé èmi ni mò ń ṣe é, òfin kan wà láàárín wa tí ẹnikẹ́ni kò kéde: a kì í pe púlọ́ńbà ìta wá gbọ́ ilé tí Elétí-Omi ti gbọ́. Ìwọ̀sí ni yóò jẹ́ fún àgbà. Ọ̀wọ̀ tí ẹ fún mi yẹn, òun ni mo fi ṣe okùn dè yín.

Ìyàwó àbúrò mi, ẹ rántí rẹ̀, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó pàdé mi lẹ́nu géètì lọ́dún kan, ó ní, "Ọkọ mi àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ògiri yàrá Màmá dáadáa. Ọ̀dà ibẹ̀ ń wú bíi búrẹ́dì." Mo fi ṣẹ̀fẹ̀, mo ní òun náà ti wá di púlọ́ńbà, ta ni yóò wá máa gbé oúnjẹ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo gbé ọ̀pá lé ògiri. Ó sì wà níbẹ̀. Ó ń rojọ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo mọ oríkèé páìpù tó ti ń wá, nítorí ọwọ́ mi ló so ó. Iṣẹ́ tí n kò ní fi gbogbo ọjọ́ ṣe ni: ká fọ́ ògiri díẹ̀, ká tú oríkèé náà, ká wé téèpù funfun tuntun mọ́ ọn, ká fi sípánà lé e le, ká rẹ́ ẹ padà. Ìgbà yẹn gan-an ni abọ́ ife yẹn wá sí mi lọ́kàn. "Púlọ́ńbà wa." Mo yọ ọ̀pá létí, mo ní, "Gbígbẹ ni. Ọ̀rinrin òjò ló kù lára rẹ̀, ẹ kùn ún." Wọ́n kùn ún. Ohun tí mò ń rò nìyí: kí ògiri rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, kí ojú tì í díẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó wá bẹ̀ mí, kó sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀ ni mo ní. Òmùgọ̀ ni mí. Ẹni tó jẹ́ kí omi máa jò, tó ní díẹ̀ lòun fẹ́, ta ló bá a wọ̀n ọ́n?

Ìyá mi náà sì gbọ́ ọ. Mo lọ kí i, ó nà sórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ọmọ mi, omi ń bẹ nínú ògiri yìí." Mo ní, "Màmá, etí àgbà ni." Ó yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní kí n bá òun sún ibùsùn kúrò lára ògiri, pé òtútù rẹ̀ ń mú òun lẹ́yìn. Mo sún un. Ọwọ́ mi yìí ló sún un lọ sí abẹ́ ibi tí omi ti rìn gba inú àjà lọ, n kò sì wòkè. Ní ti ìyàwó àbúrò mi, kò jókòó lásán. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n pe púlọ́ńbà mìíràn. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé wọn ló sọ fún mi ohun tí àbúrò mi fi dá a lóhùn. Ó ní òun kò lè pe àjèjì lé ẹ̀gbọ́n òun lórí, pé bí kò bá sí ẹ̀gbọ́n òun, òun kì bá tí mọ ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Ọ̀rọ̀ tí mò ń tìtorí rẹ̀ ba ilé jẹ́, ó ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ọ, ojú sì tì mí, ṣùgbọ́n mo ti pe ògiri ní gbígbẹ, báwo ni n ó ṣe padà lọ sọ pé ó tutù? Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù. Ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu.

Ọ̀sán kan ni aránṣọ sáré wá bá mi, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àjà ti já. A bá ìyá mi lábẹ́ rẹ̀, sìmẹ́ǹtì àti pákó tútù wà ní ìbàdí rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ké. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́, ìyàwó lọ mú ọmọ wá láti iléèwé. A gbé ìyá mi jáde, aránṣọ àti àwọn aládùúgbò gbé e sínú ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé kí n ti omi pa, n ó tẹ̀ lé wọn. Ìgbà yẹn ló kù èmi àti ògiri. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, àìṣe ni. Èyí tó kù yìí, mo dìde ṣe é ni.

Ìdí àjà tó ya ti ṣí oríkèé náà sílẹ̀, ó ń kán lójú mi. Mo wé téèpù mọ́ ọn, mo fi sípánà lé e le, ó sì dákẹ́. Iṣẹ́ tí mo kọ̀ láti ṣe látìgbà yìí, ẹ wo bí mo ṣe ṣe é kíákíá. Mo gun òkè lọ. Mo mú àkísà ìnulẹ̀ ìyàwó, mo fi dí ọ̀nà ọ̀fun bálùwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ gbayawu, mo sì dúró títí omi fi kún, tó ṣàn kọjá ẹnu ọ̀nà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni mo tì í pa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi sáré dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí?" Ẹ̀gbọ́n mi, lójú gbogbo àwọn tó pé jọ. Mo ní, "Ẹnìkan gbàgbé ẹ̀rọ omi lókè." N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo tiẹ̀ fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ìyàwó ń wọlé bọ̀, àpò ìwé ọmọ wà léjìká rẹ̀. Ó ní òun ti ẹ̀rọ yẹn pa. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọkọ mi àgbà, ẹ bá mi sọ fún un. Ṣebí mo sọ fún yín pé ògiri ń wú." Gbogbo ojú sì bọ́ sí mi lára. Mo ní, "Ìyàwó, ògiri gbẹ nígbà tí mo gbọ́ ọ." Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní ọkọ rẹ̀ mọ́.

Ìyá mi kò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró mọ́. Kí òjò tó padà dé, ó kú. Mo jókòó tì í nígbà tó kù díẹ̀, ó na ọwọ́, ó fa etí mi, bó ṣe máa ń ṣe létí odò. Ẹ̀yin obìnrin ilé, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí ẹ̀yin lẹ ń pe ìyàwó ní Gbàgbé-Ẹ̀rọ, tí àwọn ọmọ yín ń fi kọrin. Ẹ ní òun ló pa ìyá wa. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta, ọmọ kò bá a lọ. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo bá wọn gbé àpótí rẹ̀ dé géètì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rán àkọ́bí mi sí ìyàwó náà. Ó bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé obìnrin náà kì í lọ sílé láìpadà lọ wo gbogbo ẹ̀rọ omi, bó bá tì í tán, á tún padà. Nígbà tí ọmọ mi jẹ́ iṣẹ́ mi tán, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kó tún un sọ. Ó ní, "Ṣé ó sọ pé mo ti ẹ̀rọ yẹn pa?" Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ti wá gbà fún ara òun pé bóyá òun ló gbàgbé. Ọmọ mi bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá, ó kọ̀. Ó ní, "Kó má sọ ọ́ fún mi. Kó sọ ọ́ létí àwọn tó lé mi."

Mo ti sọ ọ́. Àbúrò mi, n kò ní kí o dárí jì mí lónìí, n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n tọrọ rẹ̀. Lọ bá ìyàwó rẹ, mú ọmọ rẹ̀ dání, kí o sì jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu rẹ pé ọwọ́ ìyá òun mọ́. Ẹ̀yin obìnrin ilé, ẹ gba orin yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́, ohun tí etí yín bá gbọ́ nínú ògiri ẹlòmíràn, kí ẹnu yín sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe ilé ọ̀tá yín. Ẹni tó bá sì nílé láàárín yín, bí ọ̀dà bá ń wú, má kùn ún, wo ohun tó ń wú u. Bí ọmọ ìyá rẹ bá gbọ́ ọ tó ní ó gbẹ, pe àjèjì kó tún un gbọ́. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ká ní ẹ ti fi ìwọ̀sí lọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ni, àjà kì bá tí já lu ìyá mi.

Bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí fún ẹlòmíràn, ẹ má sọ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lórí ibùsùn, tó kọjú sí ògiri, gbólóhùn kan péré: "Omi ń bẹ nínú ògiri yìí." Èmi ló fi rán sí yín. Mo kàn pẹ́ lọ́nà ni.