Páńpù Tí A Fọ̀ Lókè Odò

Kí irun orí mi tó funfun, oko wa lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà ò mọ oògùn oko kankan. Ẹ jókòó. Wàsíù, ìwọ ọmọ ọmọ mi gan-an ni mò ń bá wí.

Ilẹ̀ tó bá ti ṣá, a óò fi sílẹ̀ kó sinmi. Ààtàn là ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Eérú là ń wọ́n sí kòkòrò. Ta ló fún irú oko bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Oko là ń pè é.

Ìgbà tí kòkó ń rà lórí igi ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba gbé oògùn dé, pẹ̀lú páńpù tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn. Wọ́n ní eérú wa, ìwà ará oko ni. Bùọ̀dá Ràímì, àbúrò bàbá mi, ni wọ́n ń fín in. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n...

Òkè odò la ti ń pọnmi, ìsàlẹ̀ la ti ń fọ nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn obìnrin ti rẹ ẹ̀gẹ́ làfún sísàlẹ̀. Bùọ̀dá Ràímì ò fẹ́ kí oògùn ba ẹ̀gẹ́ wọn jẹ́. Wọ́n bá gbé páńpù lọ fọ̀ lókè. Ẹ gbọ́... àánú ẹ̀gẹ́ ló ṣe wọ́n.

Ẹja léfòó. Gbogbo ilé sáré lọ kó o. Ìyá mi ní, "Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò dẹ, ta ló pa á?"

Ìyàwó kékeré bàbá mi fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyáálé, ẹ máa jẹ tẹ̀tẹ̀ yín."

Ìyá mi ò jẹ́ ká fẹnu kan ẹja náà. Àṣé Sàlámátù, àbúrò mi, ti mu omi lódò kó tó wálé. Kò rí òwúrọ̀. Bùọ̀dá Ràímì ò gbé páńpù mọ́ títí wọ́n fi kú. "Ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ gbà là." Ohun tí wọ́n ń wí ṣáá nìyẹn.

Nísinsìnyí, àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn tún ti ní ohun tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló dáa jù. Àwọn ará ìlú ń wá ẹ̀fọ́ tí kò ní oògùn kiri. Ìwọ náà gbọ́, o kọ ọ́ sára páálí, o gbé e ti ẹ̀fọ́ ní ọjà: "Ẹ̀fọ́ aláìlóògùn". Ìwọ tó jẹ́ pé oògùn koríko lo fi ń roko! Láàárọ̀ yìí wọ́n rí ọ tí ò ń fọ páńpù ẹ lókè odò. O ní, "Bàbá, kànga la ń mu nílé wa." Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Mo ti ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n má pọn omi odò náà.

Bùọ̀dá Ràímì ò mọ̀. Ìwọ mọ̀.

Ife nìyí. Lọ bu omi níbi tí o ti fọ páńpù, kí o wá mu ún níwájú mi...

O gbé ife sílẹ̀, àbí?

Gbé páálí yẹn wá. Mo fẹ́ fi dáná.