Ìmìtìtì Ilẹ̀ Kọ́ Ló Ba Ọwọ́ Shizuno Jẹ́

Òótọ́ ti wú mí níkùn bí ìrẹsì inú ìkòkò kékeré. Bí n kò bá ṣí ìdérí báyìí, yóò bẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń to òdòdó lọ́dọ̀ mi, ẹ gbé àlùmọ́gàjí yín sílẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé bóyá ni n óò fi rí i kí igi òdòdó sakura tún tanná. Ẹ má sunkún. Obìnrin tí ìsó ń ṣáájú rẹ̀ dìde lórí ẹní, ikú kọ́ ni ìtìjú rẹ̀ àkọ́kọ́.

Shizuno tó ń se tíì ní ilé ìdáná yẹn, tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká jọ bí ẹsẹ̀ adìẹ tó ti kú, ẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu mi. Mo ní ilẹ̀ ló mì tó fi ṣèèṣì gún ọwọ́ mọ́ àwo abẹ́rẹ́ tí òdòdó ń dúró lé. Irọ́ ni. Èmi Tomoe, èmi ni mo ṣe é.

Ọmọge ni wá nígbà náà, nínú ilé yìí gan-an, ní ìlú Kanazawa, lábẹ́ Olùkọ́ Ogino. Ọkùnrin yẹn le! Bí ẹ̀ka rẹ bá wọ́, yóò fà á tu, yóò fi nà ọ́ lọ́rùn ọwọ́, ìwọ yóò sì forí kanlẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, Olùkọ́." Kò bímọ. Ó ní ẹni tí òdòdó rẹ̀ bá dára jù níbi àfihàn ìgbà ìrúwé ni yóò jogún orúkọ àti ilé òun. Gbogbo wa mọ̀ pé Shizuno ni. Bí ó bá fi ẹ̀ka kan péré sínú omi, á dà bíi pé afẹ́fẹ́ wọlé. Tèmi ńkọ́? Olùkọ́ wò ó títí, ó ní, "Tomoe, ṣé o fẹ́ fi èyí bọ́ ẹṣin ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Shizuno náà rín in. Ẹ̀rín yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í já orí òdòdó rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó dè mí níbi tí a ti ń fọ ìkòkò.

"Ìwọ Tomoe onídìí ńlá, ìwọ lo ń já a!"

"Bí mo bá ń já a ńkọ́? Lọ fẹjọ́ sùn, ọmọ apẹja!"

Ó fa irun mi. Mo gé e jẹ léjìká títí ẹ̀jẹ̀ fi kan ahọ́n mi. Lẹ́yìn náà a tún aṣọ wa ṣe, a wọlé, a kúnlẹ̀ bí ẹni mímọ́.

Ní àárọ̀ àfihàn, ilẹ̀ mì. Kò le, ife kàn ń jó lórí pẹpẹ ni. Olùkọ́ kígbe, "Iná! Ẹ pa iná!" Gbogbo wọn sáré lọ sí ilé ìdáná, bí wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí ilẹ̀ bá mì, iná ìdáná ni ká kọ́kọ́ pa kí ilé má baà jó. Shizuno kò lọ, èmi náà kò lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ ń ṣubú, ó na ọwọ́ láti dì í mú. Lábẹ́ ọwọ́ náà ni àwo idẹ tí a ń gún igi òdòdó mọ́ wà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán bí irun ìmàdò. Mo fi gbogbo ìwúwo mi ṣubú lé e.

"Tomoe, ọwọ́ mi! Dìde! Ọwọ́ mi!"

Ilẹ̀ ti dúró. Èmi kò dúró. Mo gbé orúnkún lé ọwọ́ náà, mo yí i bí ẹni ń fún aṣọ. Mo gbọ́ bí iṣan ṣe já. Omi inú àwo pọ́n.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Shizuno tí ètè rẹ̀ ti funfun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Olùkọ́, ẹ má bá a wí o. Ó fi ara rẹ̀ bò mí kí àjà má baà wó lé mi ni."

Ẹ gbọ́ ọ? Ó rò pé mo fẹ́ gbà á là! Èmi ẹranko, mo tẹ orí ba bí akọni, mo sì jogún orúkọ. Láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú mi. Òdòdó yín tí mo ń tún ṣe yẹn pàápàá, ojú Shizuno ni mo ń wò: bí ó bá mi orí, màá yára gbé ẹ̀ka sí ibòmíràn, ẹ̀yin á sì máa yìn mí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ọwọ́ ẹnìkan bá mọṣẹ́ ju tiyín lọ, ẹ bú u, ẹ sunkún, ẹ tilẹ̀ gé e jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Láti òní, òun ló ni orúkọ, òun ló ni ilé. Ẹ pè é wọlé kí n tún un sọ lójú rẹ̀.

Shizuno, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbà ọ́ là lọ́jọ́ náà, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ba ọwọ́ rẹ jẹ́. N kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáríjì, àmọ́ mo ń tọrọ rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ ṣì le. Mo ti yọ eyín àtọwọ́dá mi sílẹ̀. Súnmọ́ mi, kí o gbá mi létí dáadáa.