Fláàṣì Inú Agolo Púpurú

Gbogbo ẹ̀yin ará ilé Adégbóyè tí ẹ wà lórí wasáàpù ẹbí yìí, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná. Èmi Moríkẹ́, ìyàwó Pọ́ọ̀lù, ni mò ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun fún ọdún méjì, n ò lè gbé e mì mọ́. Bàbá Promise, olówó orí mi, ẹ forí jì mí, ibi tí àwọn tó kù ti ń gbọ́ ọ náà ni ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ ọ.

Ẹ mọ̀ pé nígbà tí òkun ń jẹ Araromi, ilé kan tẹ̀lé òmíràn, ọkọ mi ló ń gba àwòrán ilé gbogbo èèyàn pamọ́. Ó ra sáfà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó àwòrán pamọ́ sí, àpótí dúdú kan, ó gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Inú díìsì ńlá ni àwọn àwòrán wà. Fláàṣì kékeré méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, orí wọn ni ohun tí ẹ̀rọ fi ń jí wà. Ó ṣàlàyé fún mi: "Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ibí yìí ò dára fún irin. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á jí i. Àbí èèyàn máa ń gbé ẹ́ńjìnì wọ òkun kó má mú àjẹ̀ dání?"

Mo gbọ́, n ò gbà. Èmi tí n kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́! Kí ni ọkùnrin ń fi fláàṣì méjì ṣe? Ó ń wọ yàrá yẹn, ó ń tilẹ̀kùn. Mo ní obìnrin kan wà nínú èkejì, kò sí àní-àní. Ọjọ́ tó lọ pẹja, mo yọ ọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ Igbokoda, mo gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ó wò ó títí. "Mọ́mì, kò sí fọ́tò kankan níbí o. Ohun tí ẹ̀rọ fi ń jí ni. Ẹ lọ dá a padà."

Mo délé, ọkọ mi ti dé ṣáájú mi. Mo ri fláàṣì náà mọ́ inú agolo ìyẹ̀fun púpurú, mo ní tó bá di ọ̀la, màá dá a padà. Ọ̀la di oṣù. Ojo ni mí.

Ni fláàṣì tó kù bá dípẹtà, ó kú. Sáfà ò jí mọ́. Ọkọ mi wo ẹ̀yìn rẹ̀, ihò kejì ṣófo. Ó rò pé àwòrán gbogbo ti run, ẹ̀rù ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan mọ́. "Ta ló wọ yàrá yìí?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Mo bá a nílé ọkọ, n kì í dárúkọ rẹ̀, Adúmáradán ni mo ń pè é. Ọkọ mi ò tíì fura sí ẹnikẹ́ni, ni mo bá ya ẹnu mi: "Ọwọ́ Olúrẹ̀mí ni mo rí lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn. N ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni." Irọ́ ni! Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Adúmáradán kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di Bíbélì mú. "Ìyàwó mi, wò mí lójú, kí o tún un sọ." Ilẹ̀ ni mo wò, mo sì tún un sọ. Ọ̀rọ̀ dé etí ìjọ. Àwọn tí òkun gbé ilé wọn lọ ní Adúmáradán ló bá òkun parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó kọjá sí ìlú Zion Pepe.

Sátidé tó kọjá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ti Àkúrẹ́ wá, ó ṣe fláàṣì tuntun fún sáfà. Kò tó wákàtí kan, ẹ̀rọ jí. Àwòrán kan ò sọnù. Èyí tó kọ́kọ́ yọ ni ilé ìyá wọn tí òkun ti gbé lọ, Adúmáradán dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn Promise mi sẹ́yìn. Ọkọ mi jáde lọ sétí omi, ó ń sunkún.

Fláàṣì náà rèé lọ́wọ́ mi, ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀. Ká ní mo mú un jáde lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀rọ ì bá jí, kò sí ẹni tí ì bá di olè lójú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ìyàwó wẹ́wẹ́, bí ẹ bá fura, ẹ bèèrè. Ẹ má yọ ohun tí ẹ ò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Adúmáradán, ọkọ mi, n ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Mo ti ń wo èbúté Zion Pepe báyìí. Ẹ kó ìjọ jọ sẹ́nu ọ̀nà yín. Màá kúnlẹ̀, màá wò yín lójú, màá sì tún òótọ́ yìí sọ.