Ta Ló Wẹ Ọmọ Mi?

Ní ìdíkọ̀ Bẹẹrẹ, lọ́dún tí a gba òmìnira, mo dúró lẹ́yìn ìyá àgbà kan àti ọkùnrin olórin tó gbé gòjé ọmọkùnrin ìyá náà bọ̀ láti Jámánì.

"Ìyá, ọdọọdún ni ìlú yẹn ń pe olórin jọ láti gbogbo ayé. Ọmọ yín ló wù wọ́n jù. Nígbà tí òtútù àyà pa á, pósí tó ń dán ni wọ́n rà fún un."

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Òdòdó ni wọ́n fi bo sàréè, ìyá."

"Mi ò bi ọ́ ní ti òdòdó. Ilé kéú kan náà lẹ jọ lọ. Ta ló wẹ ọmọ mi?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀.

"Wọ́n ránṣẹ́ pè wá síbi òkú rẹ̀, ìyá. Àwa ló kàn lórí ìtàgé. A ní ká kọrin tán ná. Ká tó débẹ̀, wọ́n ti kan pósí pa."