Ìgò Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Làsísì

Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi gbé ẹ̀bi ara mi ru obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. N ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bá mi wọ sàárè. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó sá kúrò nílé ìwé, ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn. Òótọ́ nìkan ni mo ní. Sùlíyá ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó àkọ́fẹ́ mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ la ti jọ wá, a gba yàrá kan ní Dopemu lọ́dún 1981, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣì tuntun, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń gba ènìyàn lójoojúmọ́ ní Ìkẹjà. Ìdí iná ni wọ́n fi mí sí, níbi tí a ti ń yọ́ irin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ayé tí a jẹ! Fèrè ilé iṣẹ́ á dún láàárọ̀, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á máa ta sánsán láti Agége, Sùlíyá á gbé abọ́ oúnjẹ mi sìn mí dé ojú rélùwéè. Á ní, "Bàálé mi, ẹ má jẹ́ kí iná yẹn jó yín o." Èmi á ní iná kì í jó ọkùnrin. Ẹ ò rí òmùgọ̀!

Ọdún mẹ́ta kọjá, kò sí oyún. Lọ́jọ́ kan, nídìí ẹ̀rọ omi, aládùúgbò kan fi àìbímọ bú u. Sùlíyá ní, "Ẹ bi bàálé mi náà wò. Ṣé obìnrin nìkan ló ń dá oyún ní ni?" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo wà ní yàrá, mo gbọ́. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń tọ́jú ẹ̀ṣẹ̀ náà bí ẹni tọ́jú aṣọ ọdún.

Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà fún mi ní ìgò kékeré, ó ní kí n gbé àtọ̀ mi wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n fi awò wò ó. Ẹ̀rù bà mí. Àṣà kan sì wà ní ilé iṣẹ́ wa: bí ẹnìkan bá pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a lu káàdì nídìí aago tó wà ní géètì. Káàdì ni ọ̀gá ń wò, kì í wo ojú. Àìmọye ìgbà ni mo ti lu káàdì fún Làsísì, ọ̀rẹ́ mi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Mo gbé ìgò náà fún un.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ishaq, èyí náà ni kí n bá ẹ lù?"

"Pa ẹnu dé, jàre. Wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ."

"Tó bá bí ìbejì, èmi ni mo ni Kẹ́hìndé o!"

Nítorí ẹ̀rín yẹn, n ò bá Làsísì jẹun mọ́. Òun tó ṣe mí lóore!

Èsì jáde: àtọ̀ yìí dára, kò lábùkù. Ǹ bá ti fi ìwé náà pamọ́. Rárá o. Mo pe ìyá mi, mo pe àwọn ará ilé Sùlíyá, mo ní kí wọ́n kà á sókè. Mo wá kọjú sí Sùlíyá: "Máa lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kí o lọ bi wọ́n wò." Nítorí ìwé yẹn ni dókítà fi la ikùn rẹ̀, tí ó ń wá ohun tí kò sọnù síbẹ̀. Mo rí i tó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ojú abẹ náà lálaalẹ́, mo dákẹ́. Nígbà tó yá, ó di ẹrù rẹ̀. "Bàálé mi, ẹ fẹ́ ẹni tó máa bímọ fún yín." Kò fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́, ó ní òun ò ní gbé àgàn wọ ilé ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ Modinat. Ọdún gorí ọdún, kò sí ọmọ. Ṣùgbọ́n Modinat kì í ṣe ẹni à ń tàn. Ní 1999, ó mú mi lọ sí ọsibítù kan ní Ìlúpéjú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí mo fi gbé ìgò tèmi gan-an jáde. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Olúwatófúnmi, ní iṣan tó wà nínú kórópọ̀n mi ló wú, ooru iná sì dá kún un. "Bàbá, ẹ kì í ṣe akúra. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Kódà, bó bá ku ẹyọ àtọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀nà ti wà báyìí tí wọ́n fi ń fi abẹ́rẹ́ gbé e sínú ẹyin obìnrin."

Mo ní, "Ká ní mo wá ní 1984 ńkọ́?"

"Ìwòsàn lè má rọrùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n wọn ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe ìyàwó yín."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kò pé ọdún méjì, Modinat bí ọmọkùnrin.

Sátidé tó kọjá la sọ ọ́ lórúkọ. Modinat, tí kò mọ ìdí ìjà wa, ti ránṣẹ́ pe Làsísì. Bẹ́ẹ̀ ni Sùlíyá wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú ewú lórí, ó ru ọṣẹ àti aṣọ ọmọ wá. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Bàálé mi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo dá yín dúró láti ọjọ́ yìí."

Àwọn ènìyàn ń dárò, wọ́n ní obìnrin rere ni. Àáfà ti tẹ́wọ́ àdúrà. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Làsísì ń wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmọ fún ìyá mi, mo kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà.

"Dìde, Sùlíyá. Ìgò tí mo gbé fún dókítà nígbà yẹn, ti Làsísì ni. Kò sí ohun tó ṣe ọ́ rí. Èmi ni."