Ìwé Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí N Fọwọ́ Sí

Ògo! Ògo fún Olúwa tí kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù opó síta! Ẹ̀yin ará, àmín yín kò tó o. Ẹ tún un ṣe! Ẹ ṣeun. Èmi Dọ́kásì ni mo dúró yìí, ọmọ Ìjàrẹ́, aya olóògbé Jakọ́bù Akínbọ̀dé ará Oǹdó. Aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn mi, ojú mi kò sì tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò lè dúró de ìgbà tí ojú bá gbẹ.

Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé púpọ̀. Ní kíláàsì àwọn àgbà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbí, ni Tíṣà Fálọlá ti kọ́ mi bí mo ṣe máa fọwọ́ sí ìwé tí n kò fi ní tẹ àtàǹpàkò mọ́. Inú mi dùn! Mo fi ẹfun kọ orúkọ mi sára ògiri ilé ìdáná wa ní Àkúrẹ́ yìí, mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ọkọ mi á ní, "Dọ́kásì, ilé ni mo kọ́ o, n kò kọ́ síléètì."

Àìsàn dé sí i. Dókítà wò ó, ó ní, "Bàbá, ó ti rẹ ọkàn yín. Ẹ fi oko kòkó yín ní Bọ́lọ́rundúró sílẹ̀." Nígbà tí a délé, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ bá mi pe lọ́yà. Mo fẹ́ ṣe ìwé ìhágún." Wíìlì nìyẹn o! Mo pariwo: "Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ fẹ́ pe ikú wọlé ni?"

Ó ní, "Ikú kì í dúró de ìpè. Fúnmi nìkan la bí, o sì mọ Akínwándé àbúrò mi."

Lọ́yà Adétúlà dé, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan. Òun àti ọkọ mi tilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ tiwọn. Nígbà tó yá, wọ́n pe Tíṣà Fálọlá àti Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀dé aládùúgbò wa kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Èmi náà nu ọwọ́ mi, mo fa àga. Ṣebí mo ti mọ̀ ọ́n kọ!

Lọ́yà ní, "Màmá, ẹ má bínú. Orúkọ yín kò gbọdọ̀ sí níbí."

"Orúkọ ta ló wá yẹ kó wà níbẹ̀?"

Ọkọ mi ní, "Dọ́kásì, lọ bá wa gbé omi wá."

Lójú àlejò! Lọ́yà ń pè mí padà, n kò dúró gbọ́. Mo sunkún nínú ilé ìdáná. Mo ní ó dájú, ó ti ní ìyàwó mìíràn ní Oǹdó. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń se oúnjẹ, mo ń wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò bá a ṣàwàdà mọ́. Bó bá fẹ́ ṣàlàyé, mo máa ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Mo ti gbọ́." Òun á ní, "Ó máa yé ọ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, n kò bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ.

A sin ín sí Oǹdó. Ilẹ̀ kò tíì gbẹ tí Akínwándé fi pe ìpàdé ẹbí. "Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú. Kọ́kọ́rọ́ ilé Àkúrẹ́ ńkọ́?"

Fúnmi ní, "Bàbá Kékeré, ilé wo?"

"Ìwọ, dákẹ́, o ti lọ sílé ọkọ. Aya kì í jogún. Aya fúnra rẹ̀, ogún ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún fi èdè Oǹdó sọ èyí tó burú jù níbẹ̀, bíi pé ogójì ọdún nílé ọkọ kò tó kí ọmọ Ìjàrẹ́ gbọ́ èdè Oǹdó. Ó ní kí n kó jáde bí ogójì ọjọ́ bá pé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àpótí, mo ní, "Olúwa, ọkọ tí mo sìn kò fi orúkọ mi síbì kankan."

Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ mi? Lọ́yà Adétúlà ránṣẹ́ pé kí gbogbo wa wá sí kóòtù ní Àkúrẹ́, wọ́n fẹ́ ṣí wíìlì. Akọ̀wé kóòtù tú èdìdì, ó kà á. Oko kòkó Bọ́lọ́rundúró: ìdajì fún Fúnmi, ìdajì fún Akínwándé. Ilé Àkúrẹ́: fún Dọ́kásì aya mi!

Akínwándé fò dìde. "Òun ló kọ ọ́! Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé, orúkọ rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀! Ta ni kò mọ̀ pé ara ògiri ló ń kọ orúkọ sí kiri?"

Akọ̀wé yí ìwé sí i. "Fálọlá. Bọ́sẹ̀dé. Orúkọ ìyá yìí kò sí níbẹ̀. Ká ní ó fọwọ́ sí i ni, ilé yìí ì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ni: ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí wíìlì kì í jẹ ogún inú rẹ̀."

Halelúyà! Omi tí ọkọ mi ní kí n lọ gbé, ilé ló fi ń dì mú fún mi! Akínwándé jókòó, ó dorí kodò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi rántí mi." A jọ sunkún.

Akọ̀wé gbé tàdáwà wá kí n tẹ àtàǹpàkò pé mo ti gbọ́. Mo ní, "Rárá o. Ẹ fún mi ní bírò." Mo kọ ọ́: Dọ́kásì Akínbọ̀dé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣe wíìlì tèmi náà. Nígbà tó kan ẹlẹ́rìí, Fúnmi fa àga. Mo ní, "Fúnmi, lọ bá wa gbé omi wá." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀mí tó pin, kí ẹ sì ṣàlàyé fún aya yín. Ẹ̀yin aya, ẹ dúró gbọ́. Ìwọ opó tí o ń di ẹrù lọ́wọ́, rọra. Ọlọ́run lè ti fi orúkọ rẹ síbi tí o kò rí. Wọn kò gbà mí ní ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n lónìí, ẹlẹ́rìí ni mí, ti Ọlọ́run opó! Ẹ bá mi dúpẹ́.

Bàbá Fúnmi, ó ti yé mi. Ẹ ṣeun.