Òkúta Ni, Kì í Ṣe Àtọ̀sí

Ọlọ́run tó ń rí inú ara ènìyàn láìla ikùn rẹ̀, Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí. O ṣé, Bàbá. Mo dúpẹ́ pé O kò jẹ́ kí orúkọ mi kú kí èmi fúnra mi tó kú. Ẹ̀yin ará, bí mo bá ní kí ẹ ké haleluya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó dé gáréèjì. Haleluya!

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń bá lẹ́nu ẹni tó bá jáde wá jẹ́rìí. Màá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán, nítorí ìbínú náà wà nínú ohun tí Ọlọ́run gbà mí nínú rẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, irọ́ ni mo wá pa níwájú pẹpẹ.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń ná, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Àwọn ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú èrò mi, Under G, lẹ́bàá ọgbà wọn, ni mo sì ń já wọn sí. Àwa dírébà kì í mu omi lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá mu omi á fẹ́ tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ á dúró, ẹni tó bá sì dúró, èrò á fi ẹnu bó o láwọ̀. Nítorí náà, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú oòrùn yìí, obì ni mò ń jẹ. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí, mo mọ bí a ṣe ń fún un mọ́ra. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn fún àwọn ọ̀dọ́ dírébà. Mo pe ìwà òmùgọ̀ ní agbára!

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú mi, ọ̀sán gangan ni, a ò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gún mi lẹ́yìn, ní ọwọ́ ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ wá nǹkan tó sọnù sí mi lára. Ó rìn wá sí ìhà, ó sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú, mi ò rọbí rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo pe orúkọ ìyá tó bí mi. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo bọ́ sílẹ̀, mo dì mọ́ táyà. Màmá kan nínú ọkọ̀ yọ orí síta, ó ní, "Dírébà, ṣé epo ló tán ni àbí ẹ̀mí?" Èébì ni mo fi dá a lóhùn. Nígbà tí mo wọ inú igbó lọ láti tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí.

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ọsibítù ló yẹ kí n lọ. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi tèmi wà. Mo lọ bá oníkẹ́míìsì àdúgbò wa. Kò yẹ nǹkan kan wò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ mi ni ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin dírébà yìí! Àtọ̀sí ni."

Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ obìnrin kankan yàtọ̀ sí ìyàwó mi."

Ó ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn sí mi."

Mo sì yí ẹ̀yìn sí i. Èmi tí mo mọ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan, mo ń yọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí fún odidi ọjọ́ márùn-ún, mo ń wẹ̀yìn bí olè. Ta ló máa rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbà pé mo jẹ̀bi?

Ní ọjọ́ kẹfà, ìyàwó mi ń lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, níbi tó ti ń ta àlùbọ́sà. Ó gba iwájú oníkẹ́míìsì yìí kọjá. Ọkùnrin náà nàgà lókè àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ké sí i: "Ìyá Tọ́pẹ́! Ẹ̀yin náà ẹ yà wá gba tiyín o! Bí ọkọ bá gbà á tí ìyàwó ò gbà á, àṣedànù ni!"

Ẹ̀yin ará, ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn nìyẹn? Kí ìyàwó mi tó sọ apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jà, ọ̀rọ̀ náà ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó bi mí léèrè. Mo sọ òtítọ́. Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí?" Ó gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀ pé, ó di ẹrù rẹ̀, ó mú àwọn ọmọ, ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé.

Ní gáréèjì, Múrí, dírébà ẹgbẹ́ mi tí a jọ máa ń tò sórí ìlà, ò jẹ́ kí n gbádùn. "Bàbá Aládùúrà, ṣé ọ̀nà mìíràn làwọn sítúdẹ́ǹtì Under G fi ń sanwó ọkọ̀ wọn ni?" Gbogbo gáréèjì á gbọ̀n fún ẹ̀rín. Mo fara da ìyẹn. Gáréèjì ni gáréèjì.

Ti inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mi ò lè gbàgbé. Ọjọ́ Àìkú ni, níwájú gbogbo yín. Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Ẹ gba àmùrè ní ìdí mi, ẹ ní kí n bọ́ sùtáánà, kí n lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé, "Arákùnrin, kí ló ń ṣe ọ́?" Àríran kan dìde, ó ní òun rí obìnrin pupa kan tó jókòó síwájú mọ́tò mi. Ẹ gbà mí o! Ọjọ́ wo ni obìnrin kì í jókòó síwájú mọ́tò mi? Èrò ni! Ó sanwó ọkọ̀!

Bàbá Alàgbà ní kí n jẹ́wọ́. Mo ní mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Wọ́n ní ọkàn mi ti le, wọ́n fún mi ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti Túsìdeè, láìjẹ, láìmu. Mo gbà á. Mo rò pé bí mo bá gbà á láìjanpata, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Kí omi má kan ẹnu mi, èmi tí omi kì í kúkú kan ẹnu mi tẹ́lẹ̀!

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ náà, nígbà ìsìn àárọ̀ Wẹ́sìdeè, ó dé. Ẹ rí mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mò ń yí, mò ń bì, kò sì sí nǹkan nínú mi tí mo lè bì. Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ló ń jà á." Mo mọ ohùn náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ dìde. Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Wọ́n kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò bi mí láti ọjọ́ yìí wá: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ wò?"

Mo ní, "Rárá, Màmá."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Àdúrà wọn ò gùn. Wọ́n ní, "Olúwa, fi ohun tó ń ṣe ọmọ yìí hàn kedere. Àmín. Ó yá, dìde, ọsibítù yá." Àwọn kan ní kó kọ́kọ́ parí ààwẹ̀ rẹ̀. Màmá wò wọ́n, wọ́n ní, "Ẹ bá a parí èyí tó kù."

Múrí ló gbé wa. Ní gáréèjì, nígbà tó rí òógùn tó ń kán lára mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá Aládùúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú sínú mọ́tò mi o. Màámi ò ní dárí jì mí." Kò gba èrò mìíràn. Ó ń pe Ọlọ́run ní ti Lárúbáwá níwájú, Màmá ń pè É ní ti tiwa lẹ́yìn, títí a fi dé ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí Màmá mọ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, kò ì tíì dàgbà púpọ̀. Wọ́n fa omi sí mi lára gba inú iṣan, wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú mi. Ó gbé àwòrán náà sókè.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé àtọ̀sí ni?"

"Oníkẹ́míìsì ni."

"Kí ló fi yẹ yín wò?"

"Ojú."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò sí àtọ̀sí lára yín rárá. Òkúta ni. Inú kíndìnrín yín ló ti dì, ó ti wá há sí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ kì í mu omi tó." Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹnu ààwẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi, ó ju bírò sílẹ̀. Màmá sọ orí wọn kodò.

Ẹ̀yin ará, mo pariwo haleluya nínú yàrá dókítà! Èmi tí wọ́n sọ fún pé òkúta há sí mi lára, èmi náà ni mò ń jó. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí n kọ kí ni?"

"Pé kì í ṣe àtọ̀sí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, a kì í kọ ohun tí kò ṣe ènìyàn sínú ìwé."

Mo ní, "Ẹ kọ tèmi. Ohun tí kò ṣe mí yẹn ló lé ìyàwó mi kúrò nílé."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀. Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìkòyí-Ilé ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo rí ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́." Òtítọ́ ni mo wá sọ níbí: mo kọ ojú sí ògiri. Ìrora òkúta ò dùn mí tó bí òun ṣe gba ọ̀rọ̀ oníkẹ́míìsì gbọ́ ju tèmi lọ. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń kùn, "Abẹ́rẹ́ márùn-ún! Márùn-ún ni mo gbà sí ìdí mi fún àrùn tí kò sí nínú ilé wa! Títí di òní, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì jókòó!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mi ò fẹ́ kó bọ́. Ìhà dùn mí, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun. Mo dárí jì í.

Dókítà ní kí n máa mu omi gan-an, kí n lo oògùn, kí n sì máa tọ̀ gba inú asẹ́. Ó ní bí òkúta náà bá kọ̀ tí kò jáde kí n tó padà wá, àfi iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ńlá. A padà sí Ọ̀yọ́. Ìyàwó mi ò lọ sí ọjà. Ó ń bu omi fún mi, ó ń ṣọ́ mi títí n ó fi mu ún tán. Ní àràárọ̀, á gbé ọwọ́ lé ìhà mi, á ní, "Olúwa, O ti fi í hàn. Wá mú un jáde." Nígbà mìíràn ìrora á dé láàárín àdúrà, n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí yóò fi pariwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀yin ará, ó bọ́! Mo gbọ́ ọ nínú asẹ́. Ohun tí kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ, tí etí rẹ̀ mú bí ìgò fífọ́. Mo wò ó, inú bí mi. Ṣé èyí náà ni? Ṣé èyí ló sọ mí di oníṣekúṣe ní gbogbo Ọ̀yọ́? Mo pe ìyàwó mi. Ó wò ó, ó fi igbe ta, ó jáde sí àgbàlá, ó ń jó láì sí ẹni tó ń kọrin. Dókítà tún ya àwòrán mìíràn, ó ní ọ̀nà ti ṣí. Kò sí iṣẹ́ abẹ! Ògo ni fún Olúwa!

Mo gbé òkúta náà lọ fún Bàbá Alàgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, bí ó ti yẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọ̀nà Ọlọ́run yàtọ̀ sí tiwa." Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀. Tiyín ló kù." Wọ́n bẹ̀ mí nínú ọ́fíìsì. Ẹ má bínú, Bàbá, mo gbà á, ẹ̀bẹ̀ yín sì wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ní ká fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, mo kọ̀. Wọn ò dójú tì mí nínú ọ́fíìsì. Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí nìyẹn.

Ẹ̀yin dírébà tó wà láàárín wa, ẹ máa mu omi. Ẹ jẹ́ kí èrò kùn. Ẹ̀yin tó ń fúnni ní ààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣe ẹni náà.

Ìbínú mi ti tán. Ó yá, ẹ bá mi yọ̀. Ẹ dìde, ẹ pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run tó fi òtítọ́ hàn, tó ṣí ohun tó dí, tó dá ìyàwó àti ọmọ padà sílé mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jáde níbí, ẹ má lọ sílé tààrà. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ èkíní dé ọjà, dé gáréèjì, tí ẹnikẹ́ni ò rán yín, ti èkejì yìí, èmi ni mo rán yín. Ẹ lọ sọ ọ́. Haleluya!